Sàráà Àwọn Ológbò Àlàbí Télọ̀

Kì í ṣe pé Àlàbí télọ̀ kì í gba ìmọ̀ràn. A máa gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbọ́ rí tí kò fi tirẹ̀ kún. Ẹ gbé bùbá fún un pé kó rán an lásán, àpò mẹ́ta á ti wà lára rẹ̀ kí ẹ tó padà dé. Bí ẹ bá bínú, á ní, ṣebí bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là ń fi í jẹ́. Lọ́dún 1988 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Àlàbí Àfikún ni wọ́n ń pè é ní Ọ̀fà.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀ ní ológbò kan tó ń jẹ́ Dúdúyẹmí. Òun ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù Àlàbí, eku kan kò sì jẹ́ fẹnu kan aṣọ oníbàárà níbẹ̀. Ràfátù fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń kì í láràárọ̀ bí ọmọ. Nígbà tó yá, ológbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rù, egbò sì kún ẹnu rẹ̀. Tọkọtaya gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Ìlọrin.

Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ológbò ń kó ran ara wọn ni, kò sì sí oògùn tó lè lé e kúrò lára. Kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ gidi, kí wọ́n máa lo oògùn egbò ẹnu fún un, kí wọ́n sì tètè gbé e wá bí ara rẹ̀ bá gbóná.

"Ẹ má jẹ́ kó jáde nílé," ó wí. "Kó má ṣe bá ológbò mìíràn jẹun nínú abọ́ kan náà, torí itọ́ ló fi ń ràn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣì lè bá yín gbé fún ọdún bíi mélòó kan."

Ràfátù ṣe gbogbo rẹ̀. Egbò jinná, Dúdúyẹmí ń jẹun, ara rẹ̀ tún ń dán. Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, ká ní ọkọ ẹlòmíràn ni.

Àlàbí ní oògùn nìkan kò tó, ó ku sàráà. Ó ṣáà ti rí i pé bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kó jọ sídìí àwo kan kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ṣàdúà fún un. Ó wá rò ó pé ológbò ló yẹ kó jẹ sàráà ológbò. Ní gbogbo Jímọ̀ tí Ràfátù bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òjòkú, Àlàbí á se ìrẹsì ẹlẹ́ja, á dà á sínú àwo ńlá kan, á pe gbogbo ológbò àdúgbò, Dúdúyẹmí á sì wà láàárín wọn bí ìyàwó tuntun. Alfa Sàláwù, aládùúgbò wọn, rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àlàbí, sàráà dára," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn tí ebi ń pa ni kí o fún. Ṣé dókítà ò ní kí eléyìí má bá ẹgbẹ́ jẹun ni?"

Àlàbí ní Alfa ò tíì ronú débẹ̀ ni.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ọdún ò tíì yí po tí ara Dúdúyẹmí fi gbóná. Ràfátù ní kí wọ́n gbé e lọ Ìlọrin lójú ẹsẹ̀, Àlàbí ní kó fara balẹ̀. Ó lọ mú oògùn ẹ̀fọ́rí tirẹ̀, ó lọ̀ ọ́ sínú wàrà, ó fún un mu. Oògùn tó ń wo Àlàbí sàn, májèlé gbáà ni fún ológbò. Dúdúyẹmí kú lọ́jọ́ kejì. Ràfátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Bàbá Kamaldeen," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "àìsàn kọ́ ló pa ológbò mi. Àfikún yín ni."

Ó wá kan àwọn tó jẹ sàráà. Wọ́n ń rù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Mummy Evelyn, tíṣà kan ládùúgbò wọn, nìkan ló kù, torí òun kì í jẹ́ kí tirẹ̀ méjèèjì, akọ àti abo, jáde rárá. Bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, eku ti jẹ aṣọ ọdún tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Àlàbí di ajere. Ọwọ́ kan ló fi ń ránṣọ, ọwọ́ kejì ló fi ń fi ìgbálẹ̀ lé eku, àwọn oníbàárà sì ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ológbò Mummy Evelyn bímọ, Àlàbí wọ agbádá, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọ̀kan. Mummy Evelyn ṣàánú rẹ̀, ó gbé ọmọ ológbò kan lé Ràfátù lọ́wọ́. Ràfátù gbé e mọ́ àyà, ó fọwọ́ pa á lórí, lẹ́yìn náà ló dá a padà.

"Ẹ ṣeun, Mummy," ó wí. "Ó wù mí gan-an, àmọ́ ẹ má fún wa. Ọkọ mi ò tíì yí padà."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àìsàn tí kò gbóògùn ṣì ń gba ìtọ́jú, ìtọ́jú náà kò sì fẹ́ ju kí a ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe é. Oògùn ènìyàn kì í ṣe oògùn ẹran. Ẹni tó bá mọ̀ ju ẹni tó bi léèrè lọ, kó má wulẹ̀ bi í mọ́, kó má baà fi ọgbọ́n àgbọ́njù gbẹ̀mí ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ràn.