Kíkí Tí Alfred Kò Dáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán. Ó lè jẹ́ pé nínú ilé yín gan-an ni ìbọn wà, tàbí kí ọkàn yín máa fà sí i nítorí ohun tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́.

1.
Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Alfred. Kabawa, ní Lọ́kọ́jà, ló ń gbé pẹ̀lú Salome ìyàwó rẹ̀ àti Ẹ̀rí ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Òwòrò ni, ó sì ní oko àgbàdo lọ́nà Agbaja. Sátidé Sátidé ló ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlákúnlé ló ni oko tó bá tirẹ̀ pààlà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé, á dúró sójú ọ̀nà, á ké sí èkejì bí àwọn ará Òwòrò ṣe ń kí ara wọn pé, "Òkun o!" Èkejì á dáhùn láti inú àgbàdo, kálukú á sì gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kíkí yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlàáfíà ni ara wọn wà.

Nígbà tó yá, àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀nà oko láàmú. Wọ́n gbé ọkùnrin kan tí Alfred mọ̀ dáadáa lọ. Ẹ̀rù bà á, ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Ó gbé ìbọn ọdẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde, ó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba bó ṣe yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sóko. Títí dé ibí yìí, kò tíì ṣe ohun tó burú.

2.
Àdúgbò gbọ́. Fàrúkù tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́nu ọ̀nà wọn ló kọ́kọ́ ń pè é ní "Ṣọ́jà wa." Àwọn kan ń dìde fún un lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn míì ò fara mọ́ ọn. Mùsílímátù tí wọ́n jọ ń gbé ilé kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ Alfred mọ́. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí inú máa bí ẹni tó ní ìbọn. Dípò kí èyí dun Alfred, ńṣe ló ń wú u lórí. Ó ní kí wọ́n máa bẹ̀rù òun, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó ṣe, ó sọ fún Salome pé òun ò ní máa dáhùn kíkí lóko mọ́. Ó ní ẹni tó bá dáhùn ti fi ibi tó wà han ọ̀tá, pé àwọn ajínigbé náà mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

Salome ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Bàbá Ẹ̀rí, bí ẹ ò bá dáhùn, báwo ni Ọlákúnlé ṣe máa mọ̀ pé ẹ wà láàyè?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tó bá ti wọ oko mi, òfin wà lẹ́yìn mi. Mo ní ìwé."

"Ìwé ìbọn lẹ ní, Bàbá Ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ò fún yín níwèé ẹ̀mí èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Salome gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú àdúrà.

3.
Sátidé kan, oòrùn ti mú, Alfred ń ya àgbàdo. Ó gbọ́ lójú ọ̀nà: "Òkun o!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ohùn náà mọ̀. Ó dákẹ́, ó fa ìbọn mọ́ra. Ohùn náà tún ké. Alfred ò fọhùn.

Ọlákúnlé ni. Ara rẹ̀ ò yá láti ọjọ́ mélòó kan, kò wá sóko, kò sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ti jáwọ́ nínú dídáhùn kíkí. Ó rí ọ̀kadà Alfred lábẹ́ igi, kò gbọ́ ohùn ẹni tó gùn ún wá. Ó rò pé wọ́n ti gbé e ni, tàbí pé ejò ti bù ú ṣán. Ẹlòmíì á ti sá padà sílé. Òun yọ àdá, ó rọra wọ inú àgbàdo lọ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Alfred rí ewé tó ń mì, ó rí àdá. Kò béèrè pé ta ni. Ó yìnbọn.

Nígbà tó débẹ̀, Ọlákúnlé wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Alfred," ó ní, "o ò dáhùn. Mo rò pé nǹkan ti ṣe ọ́ ni."

Alfred gbé e sórí ọ̀kadà, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ mọ bí ọ̀nà Agbaja ṣe rí, orí òkè ni, ó sì kún fún kòtò. Ó ń pe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Ọlákúnlé ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́.

4.
Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Alfred na ìwé àṣẹ rẹ̀ síta. Ọlọ́pàá obìnrin kan kà á, ó dá a padà fún un. Ó ní òfin gbà kí èèyàn gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á. Ó wá bi í pé, kí ni ọkùnrin yìí ṣe sí i?

Alfred ká ìwé náà sọ́wọ́.

"Ó kí mi," ó ní.

Àtìmọ́lé ló wà di bí mo ṣe ń wí yìí, wọn ò tíì dá ẹjọ́ náà. Fàrúkù tó ń pè é ní ṣọ́jà ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé apààyàn ni. Salome ló lọ ya àgbàdo tó kù. Ó rí Yẹ́misí, ìyàwó Ọlákúnlé, ní òdì kejì ààlà. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ní, "Òkun o."

Yẹ́misí gbọ́. Ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro oko rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọn, mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ayé le, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ta ni kí ẹ tó yìnbọn. Bí wọ́n bá kí yín, ẹ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọnìkejì yín ní ṣọ́jà lónìí, tí ẹ ó pè é ní apààyàn lọ́la, ẹ kìlọ̀ fún un nísinsìnyí tí ìkìlọ̀ ṣì wúlò. Ìwé àṣẹ ò lè jí òkú. Kí Olúwa má jẹ́ kí ìbẹ̀rù tì wá pa ẹni tó ń wá wa bọ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní ìbọn.