Òórùn Ọ̀dà Nínú Yàrá Ìyá

Òórùn ọ̀dà tó wà nínú yàrá yìí lè mú òkè Mápó sín.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri mi o," ni Ìyá wí kí wọ́n tó lọ kí àbúrò wọn ní Mọ́lété.

Ìdòwú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ò gbọ́. Ó fẹ́ kí yàrá náà dán ju ààfin lọ. Ó fi símẹ́ńtì dí gbogbo ihò ara ògiri, ó wá kùn ún.

Ìyá sì ti ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Ìdòwú ti ṣí fèrèsé. Ó ti gbé èédú sí gbogbo igun kó lè fa òórùn náà. Àlùbọ́sà tó gé sínú omi tó bọ́ gbogbo Ọjà'ba.

"Ìdòwú, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?" Àǹtí Àbẹ̀bí, ará yàrá kejì, ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ bá mi fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ jàre! Tí Ìyá bá gbóòórùn yìí, mo gbé."

Kẹ̀kẹ́ dúró. Ìyá wọlé, wọ́n fa imú.

"Ta ló ń gé àlùbọ́sà?"

Ìdòwú fẹ́ẹ̀ fayọ̀ fò kan àjà. Ó bọ́ nìyẹn! Ó ti pé ogún ọdún tí ojú Ìyá ti fọ́. Imú wọn nìkan ló ń bà á lẹ́rù.

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Wọ́n wá a sókè. Wọ́n wá a sísàlẹ̀.

"Ìdòwú."

"Mà."

"Ihò kékeré méjì tó wà níbí dà? Ibi tí bàbá ẹ ti fọwọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé tẹ símẹ́ńtì, kí àwọn méjèèjì tó kú?"

Ìdòwú wo símẹ́ńtì tó ti gbẹ sí èékánná rẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá ṣì ń wá wọn kiri lára ògiri tó ń dán.