Irun Ìrù Màlúù Méjì

Ọjọ́ kan náà ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fún Hannah àti Bùsọ́lá ní abo màlúù kọ̀ọ̀kan láti máa sìn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ọkọ wọn, agboolé kan náà ni wọ́n sì ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn màlúù náà jọra bí ìbejì: wọ́n kúrú, wọ́n dúdú láti imú dé ìrù.

Oúnjẹ ni wọn kò fi jọra. Bí wọ́n bá da èèpo ẹ̀gẹ́ fún ti Hannah, á jẹ ìwọ̀nba, á dùbúlẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń dán. Ti Bùsọ́lá á jẹ tirẹ̀ tán, á lá abọ́, á tún máa ké. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

"Màmá Praise, kí lẹ̀ ń fún tiyín jẹ gan-an?" Bùsọ́lá bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Èèpo tí èmi àtìẹ jọ bó náà ni." Hannah na abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Tèmi ti yó. Gba ìyókù fún tìẹ, ìyàwó mi."

Bùsọ́lá gbà á, ó dúpẹ́. Nígbà tí Hannah wọlé tán, ó da èèpo náà sórí ààtàn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá ọkọ wọn dúró lẹ́nu ọgbà ẹran. "Ẹran Hannah mà ti di ìyàwó tuntun! Ti ulé kejì ńkọ́? Ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bùsọ́lá ló rẹ́rìn-ín jù. Hannah kò rín.

Favour, ọmọ Bùsọ́lá, kò tíì rìn. Káyọ̀dé bàbá rẹ̀ wà ní Èkó, kì í sábà pè mọ́. Bùsọ́lá ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ tí màlúù òun bá kọ́kọ́ bí, ti Favour ni, òun ni yóò rán an nílé ìwé. Àwọn ọmọ Hannah ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ẹgbẹ́ ní agbára àwọn kò ká bíbọ́ ẹran méjì mọ́. Èyí tó bá ń lo oúnjẹ rẹ̀ dáadáa ni yóò kù, yóò di ti olówó rẹ̀ pátápátá, wọn yóò sì mú akọ wá fún un láti Ìgbàrà-Odò. Alápatà ni yóò mú èkejì. Wọ́n ránṣẹ́ pe Gideon, dókítà ẹran.

"Ohun kan wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní náítírójìn," ni Gideon wí. "Òun ló ń di ẹran lára. Màlúù kan á gbà á sára, òmíràn á tọ̀ ọ́ dànù. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ni irun ìrù fi ń hù, ibẹ̀ la ti máa rí i."

"Irun ò lè purọ́ ṣá?" ni Bùsọ́lá bi í.

"Irun kẹ̀? Èèyàn ló ń purọ́, mà."

Ó fọ ìrù méjèèjì, ó gé irun wọn. Ó fi òwú pupa so ti Hannah, ó fi funfun so ti Bùsọ́lá, ó fi eyín fa ìdè wọn le. Ó tẹ́ wọn sójú fèrèsé pálọ̀ Hannah kí wọ́n gbẹ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì lọ wo ewúrẹ́ ẹnìkan ládùúgbò.

"Màá máa ṣọ́ wọn," ni Hannah wí. "Lọ fọ́mọ lọ́yàn."

Nígbà tí Bùsọ́lá padà dé, Hannah kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó ta gìrì. Fọ́nrán òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ ọn létè, ó nù ún kúrò.

"O ti dé. Bá mi ṣọ́ wọn, mo fẹ́ ra epo." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìyá Favour, fọkàn balẹ̀. Tìẹ ni yóò yege."

"Àmín, mà."

Ẹni tó mọ̀ pé òun ti jẹ ẹ́ nìkan ló ń ṣàdúrà báyẹn, ni Bùsọ́lá rò. Ó dúró títí tí ó fi gbọ́ ìró géètì. Ó ti rò pé òun yóò fi eyín tú ìdè náà, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́ ló tú. Ó fi òwú pupa sípò funfun, ó fi funfun sípò pupa.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, Hannah ti gbé okùn tuntun wá fún màlúù Bùsọ́lá kí Gideon tó wọlé. "Èmi ni mo kọ́kọ́ bá ọ yọ̀ o." Bùsọ́lá gba okùn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gideon wo fóònù rẹ̀. "Òwú pupa ló yege. Ẹ kú oríire, Màmá Praise."

Bùsọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dókítà, ẹ tún un wò," ni Hannah wí. "Funfun ni."

"Pupa ni, mà."

Okùn tuntun náà ni alápatà fi fa màlúù Bùsọ́lá lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Hannah bá Bùsọ́lá lẹ́yìn ọgbà ẹran, ó kúnlẹ̀ tì í, àgbà tó jẹ́, ó ní, "Dárí jì mí, ìyàwó mi, kó o tó fọ́mọ lọ́yàn tán lọ́jọ́ náà ni mo ti fi òwú funfun tìẹ so irun tèmi, tí mo fi pupa so tìẹ, kí tìẹ lè kù fún Favour, mi ò mọ ọwọ́ tó tún un dá padà."