Aṣọ Dúdú Keziah àti Ẹnu Ìyáàfin Pell

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì lè gbè sẹ́yìn ẹni tí kò yẹ.

1. Ọmọ ẹni tó ń lọ àlìkámà fún abúlé Marlcombe ni Keziah. Edmund Harland, tí ìdílé rẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ àyíká, sọ pé Keziah ni òun máa fẹ́. Ìyáàfin Pell, tó ti ń fojú àna wo Edmund nítorí Lavinia ọmọ rẹ̀, kò rí oorun sùn mọ́.

Ẹ wo ohun tó rí dì mú. Ní àṣà ibẹ̀, ọdún kan ni ọmọ fi ń wọ aṣọ dúdú fún ìyá. Opó ló ń wọ ọ́ dé ọdún kejì. Ọ̀fọ̀ ìyá Keziah ti kọjá ọdún kan, síbẹ̀ aṣọ dúdú náà ni ọmọ yìí ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

2. Ìyáàfin Pell gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ilé tí wọ́n ti ń mu tíì. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan o, òun kàn ń ronú ni: ta ló ń ṣọ̀fọ̀ ìyá débẹ̀? Àfi kó jẹ́ pé ọkọ ló kú fún un, ṣọ́jà kan báyìí, ní ìkọ̀kọ̀. Kí tíì ilé kẹta tó tutù, ṣọ́jà náà ti ní orúkọ, ó ti ní irunmú.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá Edmund. Ó ní bí wọn kò bá wẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ kí wọ́n tó parí ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí Edmund má mú ìyàwó kankan wọ ilé òun. Edmund bẹ Keziah pé kó jẹ́ kí òun ra aṣọ aláwọ̀ mìíràn fún un.

“Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ báyìí,” ni Keziah wí, “wọ́n á ní mo jẹ̀bi.”

3. Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣe ìkéde ìkẹyìn pé. Àlùfáà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra. Ìyáàfin Pell dìde, ó tún àkẹtẹ̀ rẹ̀ ṣe.

“Mo mọ̀ ọ́n. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fi pamọ́.”

Àlùfáà yọ awò ojú rẹ̀. “Ìyáàfin, ẹ ní ọkọ ọ̀hún ti kú?”

“Ó ti kú pátápátá.”

“Bó bá ti kú, kí ló ní kó má fẹ́ ẹlòmíràn?”

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tálákà ń jókòó sí. Ojú Ìyáàfin Pell pọ́n. Ó ní kí wọ́n bi Keziah léèrè aṣọ ọrùn rẹ̀ nígbà náà.

Keziah dìde.

“Mà, aṣọ kan ṣoṣo tó dáa tí mo ní, aláwọ̀ ojú sánmà ni. Nígbà tí màmá mi kú, mo rẹ ẹ́ sínú aró dúdú kí n lè sin wọ́n bí ọmọ gidi. Ọ̀fọ̀ ti parí, mà. Aró náà ni kò ṣeé fọ̀ kúrò.”

Ìyáàfin Pell, tí àpótí aṣọ rẹ̀ kún dé ẹnu, kò rò ó rí pé ènìyàn lè ní ẹyọ kan.

Ìyá Edmund kúrò ní ìjókòó ìdílé Harland níwájú, ó rìn dé ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ Keziah mú. Ó mú un gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá níṣojú gbogbo ayé, títí dé ibi tí ọmọ òṣìṣẹ́ kankan kò jókòó sí rí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ẹ̀gbẹ́ mi ni ìjókòó rẹ láti òní.”

Wọ́n fẹ́ra, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì dún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyáàfin Pell bá lọ kí ènìyàn, ọmọ ọ̀dọ̀ á ní ìyá ilé kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀. Ọkùnrin tó wá ń fẹ́ Lavinia náà yí padà. Ó ní ọmọ dára, àmọ́ òun ò lè fara da ẹnu ìyá rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá rí aṣọ lọ́rùn ẹnìkejì rẹ tí kò yé ọ, bi í léèrè tàbí kí o dákẹ́. Má ṣe hun ìtàn fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.