Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Wọn Kú Oríire

Fadérera tún ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ kánsù tó ń wo ọjọ́ iwájú lẹ́ẹ̀kẹrin lọ́dún yìí, kó lè gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ tó fẹ́ ṣí.

"Ẹ kú oríire," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹ máa lóyún láàárín ọdún méjì, a ò lè fún yín níwèé. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

"Mi ò tíì lẹ́ni tí mò ń fẹ́!"

Obìnrin aránṣọ tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìwé àṣẹ tirẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mà fún yín!"

"Ẹni tí kò ní í bímọ ni wọ́n ń fún. Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi pààrọ̀ àyànmọ́."

Fadérera ti nawọ́ sí ìwé náà.

Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ tún kí ẹnì kan kú oríire, onítọ̀hún sì figbe ta.