Ẹjọ́ Òkété Di Ọ̀la

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yà bàrá, ó já lu Òkété, Ọ̀yà àti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìmàdò oníwàdùwàdù wá èbù iṣu rẹ̀ kan tì nínú àká, ló bá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lólè. Wọ́n so wọ́n mọ́ ìdí igi de ẹjọ́. Ẹfọ̀n olóorun ni adájọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń sún ẹjọ́ náà sí ọ̀la. Bí Òkété bá ti ń fi orin bẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹranko a máa gbè é:

Baba Ẹfọ̀n, ẹ dá ẹjọ́ mi,
*Ó dọ̀la!*
Ọmọ mi ń sunkún nílé,
*Ó dọ̀la!*

Ọ̀la ń gorí ọ̀la títí ọmọ Òkété fi dàgbà, tí kò mọ bàbá rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Ìmàdò yọjú sẹ́yìn àká. Èbù yẹn ló yí bọ́ síbẹ̀, tó hù, tó ti bímọ jọ.

Nígbà tí Ẹfọ̀n gbọ́, ó yán, ó ní, "Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ máa lọ."

Ọ̀yà àti Ọ̀kẹ́rẹ́ sá wọgbó. Òkété ò lọ. Ó wo okùn tí wọ́n tú, ó wo Ẹfọ̀n, orí rẹ̀ dàrú.

"Baba, bí n ò bá jẹ̀bi, kí ni mo wá ń ṣe nídìí igi yìí látọjọ́ yìí?"

Ẹfọ̀n tún yán. "Ìbéèrè yẹn le. Padà wá gbọ́ èsì rẹ̀."

Ẹfọ̀n ò tí ì sọ ìgbà tí Òkété máa padà wá tí gbogbo ẹranko fi gbè é:

*Ó dọ̀la!*