Òṣùwọ̀n Dókítà Lier

Torunn Bjørkhaug ni wọ́n ṣẹ̀, ìgbà òtútù ọdún 2014 ni wọ́n sì ṣẹ̀ ẹ́. Ibà kan gbé e ṣánlẹ̀, ibà náà lọ, okun kò padà. Ó bẹ Dókítà Lier, dókítà ìdílé wọn ní ìlú Odda, pé kó kọ oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò fáírọ́ọ̀sì fún òun. Dókítà ní kó máa rìn lórí òkè, kó gba atẹ́gùn. Ó rìn. Láti ìgbà náà ni orí ibùsùn ti di ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, nínú oṣù Kẹsàn-án, dókítà pè pé òun ń bọ̀ nílé wọn láti tún ọ̀rọ̀ oògùn náà gbé yẹ̀ wò. Oddny, ìyá Torunn, rò pé àwàdà ni. Dókítà yìí kì í lọ sílé aláìsàn.

"Bóyá ó ti yí ọkàn padà," Torunn wí.

"Lier? Òkúta ni yóò kọ́kọ́ yí tiẹ̀ padà." Ìyá rẹ̀ lọ po wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe àlejò.

Nígbà tí dókítà dé, ó pẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin tó wọ pátákó ìrìn-yìnyín tòun ti ibà lára lásìkò Àjíǹde tó kọjá, tó sọdá òkè, tó sì fi ń ṣe fáàrí káàkiri ìlú, ni Oddny bá níjòókòó láàárín àtẹ̀gùn.

"Òkè ni mò ń wò," dókítà ní.

"Ògiri lẹ kọjú sí, Dókítà."

Wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé bo yàrá, torí ìmọ́lẹ̀ ń dun Torunn. Dókítà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tọrọ omi. Lẹ́yìn náà ó tọrọ àyè láti nà gbalaja sórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ fẹ́ sùn ni?" Torunn bi í.

"Mo fẹ́ mọ bí àjà ṣe rí lójú ẹ ni."

"Ẹ káre. Ẹ ti ń kẹ́kọ̀ọ́."

Dókítà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó mi ti òsì. "Ewu nìyí. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ó lè jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn dín kù. Èèyàn á máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáá." Ó mi ti ọ̀tún. "Àǹfààní nìyí. Àwọn kan ní ara àwọn fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn mìíràn lò ó, pàbó ló já sí. Kò sí ìwádìí tó lè sọ ẹni tó máa bá lára mu."

Ọwọ́ méjèèjì balẹ̀ pọ́ọ́.

"Ó ti rẹ òṣùwọ̀n yín, Dókítà," Oddny wí.

"Mo mọ ewu ẹ̀," Torunn wí. "Kíndìnrín mi ni, kì í ṣe ti ìjọba. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣèlérí. Kí n ṣáà lè jókòó nídìí fèrèsé láàárọ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a dúró."

Dókítà yíjú sí i. "Tó o bá rìn dé ilé ìwẹ̀, ṣé ọjọ́ kejì ló ń dá ẹ dùbúlẹ̀, àbí ọjọ́ kẹta?"

"Ọjọ́ kejì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ṣe ni mo máa ń fẹ́ bú ẹni tó bí mi."

"Mò ń gbọ́ ẹ o," Oddny wí.

"Ọ̀rọ̀ ńkọ́?" dókítà tún bi Torunn. "Ṣé ó máa ń sá mọ́ ẹ lẹ́nu?"

"Ó ń sá. Ẹ̀yin lẹ sọ nígbà yẹn pé ìrònú ló fà á."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sí dókítà tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Torunn gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó dá a lójú pé lónìí, dókítà yóò kọ oògùn náà fún òun.

"Mi ò lè kọ ọ́," Dókítà Lier wí. "Ìlànà ò gbà á. Ewu ẹ̀ ló wúwo jù."

Oddny gbé àwo wáfù kalẹ̀ gbàgà. "Ẹ wá gun àtẹ̀gùn wá sọ ohun tí ẹnu yín lè sọ lórí fóònù!"

Dókítà kò bínú. Ó jẹ wáfù kan tòun ti wàràkàṣì, ó rọra jẹ ẹ́ tán, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ju hóró oògùn kan sẹ́nu, ó sì mu gbogbo omi tó kù.

"Orí ń fọ́ yín ni?" Torunn bi í.

"Rárá, èyí tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí náà ni," dókítà dáhùn, ojú rẹ̀ ti ń pàdé lọ. "Láti oṣù Kẹfà ni mo ti kọ ọ́ fún ara mi."

"Dókítà, ẹ kọ tèmi," Torunn wí, ṣùgbọ́n dókítà ti sùn lọ.